Ebè Irúgbìn Tí Mo Gé

Káyọ̀dé, dìde lórí ebè yẹn, jọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ rọ̀ ju àga lọ, ṣùgbọ́n a kì í jókòó sórí ibi tí a fẹ́ ti jẹun. Ìdí èèyàn a máa ki ilẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò sì léyín tó lè fi jẹ ilẹ̀ líle. Ẹ súnmọ́ abẹ́ mángòrò níbí kí gbogbo yín lè gbọ́ mi, ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́, ìwọ náà bọ́ síwájú. Tìtorí rẹ ni mo ṣe ní kí wọ́n fi ọ̀kadà gbé mi wá, kò sì sí kòtò kan lọ́nà Òkè-Ogbó tí ọlọ́kadà yẹn ò gbé mi kó sí.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ jọ ń dáko níbí lè má tíì gbọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi yìí, sunkún lánàá láti inú oko yìí títí dé ilé wa ní Ìlódè. Ebè mẹ́fà ló gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ebè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì jó. Ó gbọ́ lórí fóònù pé ìgbẹ́ adìẹ dára fún ẹ̀fọ́, ó bá lọ kó o nílé ọlọ́sìn adìẹ, ó gbé e dé bó ṣe tutù, ó dà á sílẹ̀, ó sì fọ́n irúgbìn lé e lórí lọ́jọ́ kan náà. Fóònù ò parọ́. Ó kàn gbàgbé láti sọ pé ìgbẹ́ adìẹ tútù, iná ni. Abẹ́ ibòòji ló yẹ kó kọ́kọ́ wà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí a máa wọ́n omi sí i, kí a máa yí i, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, tí a ó fi lè ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láìgbọ́ ooru. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì wà nílé lórí àga mi, kò sẹ́ni tó bi mí. Ọmọ tó ní ìyá àgbà tó fi ẹ̀fọ́ tọ́ bàbá rẹ̀, fóònù ló lọ bi.

Ní báyìí, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní tó bá di Jímọ̀ òun á dá ìpín tòun nínú ilẹ̀ yìí padà fún onílẹ̀, òun á gba Ìbàdàn lọ wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, torí òun kò lọ́wọ́ oko. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo ní kí wọ́n pe ọlọ́kadà fún mi. Ta ló mú ọwọ́ oko bọ̀ látinú ìyá rẹ̀? Bó bá fẹ́ lọ, kó lọ, n kò ní so ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní tìtorí ebè mẹ́fà lọ láì tíì gbọ́ nípa ebè kan ṣoṣo tí èmi bàjẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Wọn ò bí mi sídìí ẹ̀fọ́. Ẹ̀bá Ẹnuwá, ní Ifẹ̀ níbí, ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ránṣọ, ìyá mi ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ ẹ̀fọ́. Bí wọ́n ṣe ń dì í ní ìdì-ìdì yẹn ni mo rò pé ó ṣe ń hù. Ìgbà tí wọ́n mú mi lọ sílé ọkọ ní Ìlódè ni ojú mi tó là. Káfíńtà ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tí mo ń pè ní Ìyá wa, àkùrọ̀ ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé lè má mọ ohun tí à ń pè ní àkùrọ̀ mọ́. Ilẹ̀ ẹ̀bá odò ni, tí kì í gbẹ, tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ òkè bá ti le koránkorán. Tiwọn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, níbi tí ẹ ti ń rí ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n kùn ní búlúù. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, etí mi ṣì máa ń wá ìró igbá.

Ìró igbá, ẹ̀yin ọmọ mi. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí kùrukùru ò tíì jẹ́ kí a rí ara wa, ìró igbá la fi ń mọ ẹni tó ti dé oko. A máa ń gbẹ́ kòtò tóóró sáàárín ebè méjì, omi á sun kún un. Obìnrin á dúró sínú rẹ̀, omi á mù ún dé orúnkún, á fi igbá bu omi, á sì dà á sókè sórí ebè. Ẹ lè rò pé ìyẹn ò le. Omi ò gbọdọ̀ já lu ẹ̀fọ́. Bí omi bá ti ń kúrò nínú igbá ni wàá yí ọrùn ọwọ́, kó lè fọ́n ká, kó sì wálẹ̀ wíníwíní. Bó bá já lulẹ̀ gbì, á hú irúgbìn jáde, á ta ẹrẹ̀ sí ewé, ewé tí ẹrẹ̀ bá sì ti bà, àrùn ò ní pẹ́ débẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìyá wa fi mí sídìí ilẹ̀ òfìfo, kí n máa da omi sí i ṣáá. Àwọn obìnrin tó ń kọjá á ní, "Ìyàwó, kí lo gbìn síbẹ̀?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Sùúrù ni mo gbìn." Ojú ló ń tì mí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ ló dára jù o. Ẹ̀yìn mi tó tẹ̀ yìí, igbá ló tẹ̀ ẹ́. Ejò ń bẹ níbẹ̀, eṣúṣú á lẹ̀ mọ́ ni lẹ́sẹ̀, á máa mu ẹ̀jẹ̀ ẹni bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Lọ́jọ́ kan mo bu ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ omi láìmọ̀, mo sì dà á lu àbúrò ọkọ mi obìnrin lójú. Ìbàdíàrán ni mo ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ láyé ìgbà yẹn. Orúkọ tó bá wù ọ́ ni wàá fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, à ń jẹun lọ, ó rántí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín, ìrẹsì sì gba imú rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo wá rí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fa omi nínú kànga yìí, tí omi ń tú jáde lẹ́nu rọ́bà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé, mò ń wò ọ́ láàárọ̀. O na rọ́bà sí ẹ̀fọ́ bí ẹni tó ń fọ mọ́tò. Fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè fọ́n. Ọgbọ́n kan náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti yá fún gbígbìn, ẹ bù ú, kí ẹ fún un mọ́wọ́, kí ẹ sì la ọwọ́. Bó bá dì pọ̀ tó kọ̀ tí kò tú, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá tú lójú ẹsẹ̀, ó ń fẹ́ omi. Bó bá dì, tí ẹ fi ìka kàn án, tó fọ́, ẹ máa gbìn. Ìyá wa ò ṣàlàyé èyí fún mi rí. Wọ́n kàn ń ṣe é lójú mi lójoojúmọ́, títí ọwọ́ tèmi náà fi ń ṣe é láìjẹ́ pé mo rò ó. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nígbà yẹn nìyẹn, ó sì ní ibi tó kù sí. Ìyàwó kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ìyàwó tó bá ń ṣe kí lèyí, kí nìyẹn, wọn á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tí n kò béèrè ló kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wọ́n ni oko apá ọ̀tún wa, ará Ẹdẹ àti Ìwó ni àwọn bàbá ńlá wọn. Bí ààwẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, àwa la máa ń bá wọn bomi rin ẹ̀fọ́ wọn lọ́sàn-án, kí wọ́n lè jókòó síbi ibòòji. Tó bá wá di Kérésì tàbí ọdún Edì ìlú wa, tí àwa ń sá sókè sá sódò, àwọn náà á bá wa bomi rin tiwa. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí náà, mo rí i pé olúkúlùkù dojú kọ ebè tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ pé ìgbẹ́ tó ń dà sílẹ̀ yẹn ṣì tutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wo ebè ara yín.

Ní ìkángun oko Ìyá wa, ebè ṣọkọ̀ kan wà níbẹ̀. Ṣọkọ̀ yẹn kì í ṣe ṣọkọ̀ ojú ọjà. Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, kì í tètè yọ òdòdó, bó o bá gé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á tún rúwé lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ìpetumodù, nílé ìyá wọn, ni wọ́n ti mú irúgbìn rẹ̀ wá nígbà tí àwọn náà jẹ́ ìyàwó. Láyé ìgbà yẹn, kò sí pé à ń ra irúgbìn ẹ̀fọ́ nínú agolo. Ohun tó o bá fi sílẹ̀ lo máa rí gbìn. Àwọn tó kù lákùrọ̀ a máa gé tiwọn tà tán pátápátá, torí wọ́n mọ̀ pé tí ọdún bá yí, Ìyá wa á bù fún wọn. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ìyá wa kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Torí náà, ebè kan ṣoṣo yẹn ló gbé ṣọkọ̀ gbogbo àkùrọ̀ ró. Wọ́n ri igi mọ́ ọn, wọ́n fi àkúfọ́ igbá kọ́ igi náà lórí. Ẹni tó bá ti rí àkúfọ́ igbá níbẹ̀ mọ̀ pé ebè irúgbìn nìyẹn, a kì í gé e, ẹni yòówù kó fẹ́ jẹun. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀, àfi èmi ọmọ Ẹnuwá, tí mo rò pé wọ́n fi ń lé ẹyẹ ni.

Lẹ́yìn Kérésì, nígbà tí ọyẹ́ mú gidi, wọ́n pe Ìyá wa sí òkú ní Ìpetumodù, Ìbàdíàrán bá wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó àlejò wá láti Ìbàdàn, wọ́n tó mẹ́jọ, láìrán ìròyìn ṣíwájú. Èmi nìkan ni obìnrin ilé. Mo rò ó pé ọjọ́ tí màá fi han ìdílé yìí pé ìyá mi kọ́ mi ló dé yìí. Mo gbé apẹ̀rẹ̀, ó di àkùrọ̀. Ebè tó kù, a ti gé wọn fún ọdún, kùkùté ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró, ó ga dé ìbàdí mi, ó ń dán, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó. Mo ní Ọlọ́run ló pa èyí mọ́ fún mi. Mo yọ ọ̀bẹ, mo gé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, apẹ̀rẹ̀ kún, mo tún fi ìborùn di ìyókù. Àlejò jẹun, wọ́n lá ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Àbúrò mi gbé ìyàwó ire." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí bu tèmi sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ìyá wa dé. Oko ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yà kí wọ́n tó dé ilé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti wọlé ìlú, mo gbé omi tútù, mo sáré lọ bá wọn níbẹ̀. Kí n má parọ́, ìyìn ni mo lọ gbà. Mo bá wọn níwájú ebè yẹn, wọn ò tíì sọ ẹrù orí wọn kalẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló wọ oko yìí?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Èmi ni, Ìyá wa. A gbàlejò lẹ́yìn yín. Wọ́n jẹun yó, wọ́n ní kí n máa kí yín."

Wọ́n jókòó sílẹ̀. Orí ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú aṣọ òkú lára wọn, wọ́n jókòó. Ìbàdíàrán ló káwọ́ lérí, ó ní, "Ìyàwó, ebè irúgbìn lo gé yìí. Òun ni gbogbo wa fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí òmíràn níbikíbi." Ibẹ̀ ni àkúfọ́ igbá yẹn ti yé mi. Omi tí mo gbé lọ́wọ́ dà sí mi láyà, n kò mọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi, kí wọ́n gbá mi létí, kí ó tètè parí. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá wa ní, "O fà á tu ni, àbí o gé e?"

Mo ní, "Mo gé e ni, mà."

Wọ́n rákò lọ sídìí ebè, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ara àwọn kùkùté náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Èyí tí mo gé súnmọ́ ilẹ̀ jù, wọ́n ń fò ó. Ibi tí ewé bá ti yọ rí lára igi ẹ̀fọ́, ojú kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, òun la máa ń fi sílẹ̀ bí a bá ń gé ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ kó tún rú. Èmi ò mọ̀, mo ti gé ọ̀pọ̀ kọjá ojú. Mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí tó ṣì ní ojú. Wọ́n wá fi èdè Ifẹ̀ tó jinlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ tí kò sí eré níbẹ̀, sọ fún mi pé, "Mẹ́sàn-án yìí, ìwọ lo ni wọ́n. Bí wọ́n bá kú, ìwọ náà lo máa lọ sọ fún àwọn obìnrin àkùrọ̀, ojúlé sí ojúlé, pé ṣọkọ̀ ti tán."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti bímọ mẹ́fà, mo ti sin ọkọ, kò tíì sí ẹrù tó wúwo lórí mi tó yẹn. Kí àwọn yòókù tó jí ni mo ti máa ń wà lóko. Mo gbé ilẹ̀ dúdú abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sídìí wọn. Mo ku eérú yí wọn ká nítorí kòkòrò, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòòji fún wọn lọ́sàn-án. Nígbà tí ẹ̀ka tuntun yọ, mo ń yọ̀, Ìyá wa ní kí n já èyí tó pọ̀ níbẹ̀ dànù, kí n fi ẹyọ kan sílẹ̀ lára kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí agbára rẹ̀ lè lọ sójú kan. Mo já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan. Méjì kàn rọ, n kò mọ ohun tó pa wọ́n títí dòní. Ó ku mẹ́fà. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń bi mí nípa sùúrù tẹ́lẹ̀, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n á kọjá, wọ́n á ka mẹ́fà yẹn lójú, wọ́n á máa lọ.

Òdòdó yọ nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí ooru dé. Ohun tó wá kù ni òjò. Irúgbìn ṣọkọ̀, bó bá gbó, dúdú ni, á máa kọ mànà. Bó bá ṣì pupa, kò tíì gbó. Òjò ńlá kan ṣoṣo sì tó láti gbọn gbogbo rẹ̀ dànù kó sì jẹ́ kí orí rẹ̀ jẹrà. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ìka ra díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: pupa. Pupa. Dúdú kan, pupa mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ aṣọ ní ilé ní Ìlódè, mo rí i tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá Òkè-Ogbó níbí. Òjò àkọ́rọ̀ ni. Mo ju irin ìlọṣọ sílẹ̀, mo sáré. N kò wọ bàtà, n kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn ti ń tẹ orí wọn balẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Mo gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tú gèlè mi, mo wé wọn sínú rẹ̀, mo gbé wọn sáyà, mo tẹ orí balẹ̀ lé wọn. Òjò nà mí láti ibẹ̀ dé ilé. Nígbà tí Ìyá wa tú gèlè yẹn, omi ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn mi tótó, orí ṣọkọ̀ gbẹ.

Wọn ò yìn mí. Wọ́n so wọ́n kọ́ sí àjà, lókè ààrò, níbi tí ooru ti ń dé láì jẹ́ pé iná ń jó o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò fi igi tútù dáná nínú ilé yẹn, kí èéfín má bàa bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí a sọ̀ wọ́n kalẹ̀ tí a fẹ́ ẹ tán, ohun tó wà nínú atẹ kò kún ṣíbí. Ìyá wa ka ogún hóró, wọ́n fi wọ́n sórí àkísà tútù nínú àpáàdì, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi. Bí a ṣe ń dán irúgbìn wò nìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe é kí ẹ tó fi irúgbìn ṣòfò lóko. Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹrin, kò sí nǹkan. Mo ti ń ro ojúlé tí mo máa kọ́kọ́ yà. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Ìbàdíàrán lọ bomi mu, ó sì pariwo pè mí. Gbòǹgbò funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú ti ń yọ lẹ́nu àwọn hóró náà. Mẹ́rìnlá nínú ogún. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù yẹn, mo sunkún bí Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe sun lánàá.

Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ewé ṣọkọ̀ yẹn kan. Gbúre àti tẹ̀tẹ̀ la jẹ. Ṣíbí kan tí a ní, ebè kan la gbìn ín sí, a sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó so. Nígbà tó gbó, akèrègbè kún dé ọrùn. Ìyá wa pe àwọn obìnrin àkùrọ̀ jọ, wọ́n bù fún olúkúlùkù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bù tán, wọ́n ní ara àwọn ò gbé e mọ́, ẹlòmíì ni yóò máa tọ́jú ebè irúgbìn láti ọjọ́ yẹn lọ. Ojú gbogbo ayé lọ sọ́dọ̀ Ìbàdíàrán. Ọmọ wọn ni, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, láti kékeré rẹ̀ kò ba ewé kan jẹ́ rí. Èmi ni wọ́n gbé akèrègbè náà lé lọ́wọ́.

Ìbàdíàrán ò lè pa á mọ́ra. Ó ní, "Ìyá, ẹni tó gé e náà lẹ fún?"

Wọ́n ní, "Òun náà ni. Ìwọ mọ̀ pé a kì í gé e, torí wọ́n sọ fún ọ. Òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gé e."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ta àkùrọ̀, wọ́n kọ́lé lé e. Mo ń gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná ní Ìlódè, nínú àpò àti nínú báàfù tó ti lu, kó má bàa kú. Irúgbìn inú agolo tí ẹ ń rà náà dára, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó rú lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Ní ọdún tó kọjá, ìyàngbò ni mo rò pé mò ń fẹ́ dànù, hóró ni mo dà sílẹ̀ fún adìẹ. Ó ti yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Káyọ̀dé, má bínú sí mi. Mo ti rìn yí oko yìí ká, ebè tìẹ ló dára jù, mo sì mọ̀ pé ìwọ ni gbogbo wọn ń wò. Ṣùgbọ́n nǹkan ò tíì jó mọ́ ọ lọ́wọ́ rí.

Mọ́rẹ́nikẹ́, na ọwọ́ rẹ. Méjèèjì. Mo mọ̀ pé Jímọ̀ lo sọ fún onílẹ̀. Bó o bá ṣì fẹ́ lọ, wàá dá irúgbìn yìí padà fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀, n kò sì ní bá ọ jà. Gbà á. Kò wúwo, àbí? Irúgbìn rẹ̀ kéré, bó o bá kàn fọ́n ọn, á ṣù jọ sójú kan. Iyanrìn gbígbẹ lo máa kọ́kọ́ pò mọ́ ọn.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè, etí mi ò gbọ́. Ibo ni kí o gbìn ín sí?

Fà mí dìde, ká jọ lọ wò ó.